Ìgò Abẹ́ Àmù

Múkáílà ẹ̀gbọ́n mi ló fi rán awakọ̀ kan wá láti Èkó,
wọ́n fi ìwé ìròyìn àwọn ará Ítálì wé e bí ọmọ tuntun.
"Bàrólò ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ mi ló já àjàrà rẹ̀,
lórí òkè kan tí kùrukùru ń bò mọ́lẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà.
Ẹ má ṣí i. Ẹ má dá a dúró. Ẹ tẹ́ ẹ bí aláìsàn,
kí oòrùn Òṣogbo má fojú kàn án.
Mo ń bọ̀ wá ṣí i fúnra mi."

Bàbá wa kì í mutí.
Láti ọjọ́ tó ti Mẹ́kà dé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò gan-an,
á ní kí n ka ara ìgò rẹ̀ fún òun ná.
Síbẹ̀ ó gbẹ́ abẹ́ àmù, ó tẹ́ ìgò náà sínú iyanrìn tútù,
ó fi ẹfun kọ ọdún sára ògiri.
Bí ọyẹ́ bá ti dé, á tún iyanrìn rọ, á fi omi wọ́n ọn:
"Ẹrù ọmọ mi ò gbọdọ̀ gbóná."

Emu la mọ̀ ní tiwa.
Àárọ̀ ló ń dùn, ọ̀sán ló ń le,
tó bá dọ̀la, ó ti kan.
Ta ló gbọ́ ọtí tó ń dàgbà rí?

Ọdún mọ́kàndínlógún.
Rélùwéè dákẹ́, koríko hù láàárín irin.
Àmù fọ́, a ra òmíràn.
A sin bàbá. Múkáílà ò lè wá, ìwé rẹ̀ ò tíì jáde.

Ìgbà tó dé, irun rẹ̀ ti funfun ju ti bàbá lọ.
A jókòó sẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn ìkòkò aró.
Ìdérí rún mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá di pé
asẹ́ ògì la fi sẹ́ ọtí Ítálì.
Mo rò pé yóò dúdú bíi sobo;
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bíi bíríkì ilé àtijọ́.

Ó yí kọ́ọ̀bù po, ó timú bọ̀ ọ́, kò sọ̀rọ̀. Ó nà án sí mi.
Òdòdó gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà.
Ọ̀dà! Èyí tí wọ́n ń fi kun pákó ìdí irin ní téṣàn,
òórùn aṣọ iṣẹ́ bàbá wa lórí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Mo wojú Múkáílà.
Ó ní, "Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Mo mu ún. Ó di èrìgì mi mú bíi kajú tí kò tíì pọ́n,
ó wá tú mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Kò dùn, n ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n mo tún gbé kọ́ọ̀bù.

Ìyá wa ti ń wò wá látìdí ìkòkò rẹ̀.
"Ẹ gbé e wá."
Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ìka tí àádọ́ta ọdún ẹlú ti pa láró,
ó fi kan ahọ́n bó ṣe ń tọ́ aró wò láàárọ̀,
ó dijú, ó tu ú dànù. Túà.
"Ó ti jinná. Ká ní ẹ fi ọdún méjì kún un, ì bá ti kú."
Múkáílà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ní, làwọn arúgbó ọ̀hún ń ṣe,
wọ́n á tu ú, wọ́n á sì sòótọ́.

Ó ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò.
Mo gbé e lọ sídìí àmù, mo fẹ́ ta á sílẹ̀ fún ẹni tó ṣọ́ ọ.
Ìyá di ọwọ́ mi mú.
"Bàbá yín kì í mutí."
Mo bá tún iyanrìn rọ, mo fi omi wọ́n ọn.
Ó ṣì tutù.